Bí a ṣe ń kọ̀wé wá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá bá mi nílé. Ó ti gba Licence nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ó sì ti ń jókòó sílé láti ọdún kan ààbọ̀. Ìwé méjì ló mú dání, CV rẹ̀ àti lettre de motivation. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo ìwé yìí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ń wá ẹni tí yóò máa ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn."

Mo ka lẹ́tà náà. Ó kọ ọ́ pé ọ̀dọ́ tó lágbára lòun, pé òun fẹ́ràn iṣẹ́, pé òun lè ṣiṣẹ́ nígbà ìnira. Mo bi í pé, "Kí ni àwọn tí o ń kọ̀wé sí yìí ń ṣe gan-an?" Ó ní ìwádìí ni. Mo ní, "Ìwádìí kí ni?" Ó dákẹ́. Lẹ́tà yẹn kan náà ló ti fi ránṣẹ́ sí báńkì kan, sí ilé ìtajà fóònù kan, sí ilé ìwòsàn kan. Orúkọ tó wà lókè ìwé nìkan ló ń yí padà.

Mi ò bá a wí. Ká sọ tòótọ́, àwa olùkọ́ la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. A fún wọn ní modèle kan ní kíláàsì, wọ́n dà á kọ, a fún wọn ní máàkì, ó parí. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìwádìí tí kì í ṣe èrè ló ń lé, tó jẹ́ pé ohun kan pàtó ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, tètè máa ń mọ lẹ́tà tí a dà kọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń bọ̀ mọ ohun tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ sọ lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wà nítòsí wa. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru, ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì ní ibùdó ńlá kan lọ́dọ̀ wa níbí, ní Abomey-Calavi. Ẹ̀yin àgbà tó ti ń dáko tipẹ́ á rántí ìgbà tí orí ẹ̀gẹ́ ń kákò, tí ewé rẹ̀ ń ṣù jọ, tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì bo abẹ́ ewé. Kòkòrò kan ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní Áfíríkà láàárín ọdún 1970 sí 1980. Lọ́hùn-ún, ó ní ọ̀tá tó ń jẹ ẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò rí ọ̀tá kankan, ló bá di olówó oko. Àwọn olùwádìí wá ọ̀tá rẹ̀ lọ títí dé Paraguay, wọ́n rí agbọ́n kékeré kan níbẹ̀ tó ń yé ẹyin rẹ̀ sínú kòkòrò náà. Láti ọdún 1981 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n yìí sílẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú tú u dà. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó darí iṣẹ́ náà ní IITA, gba World Food Prize ní 1995. Àgbẹ̀ ò san kọ́bọ̀, kò fọ́n oògùn, ẹ̀gẹ́ padà bọ̀ sípò.

Ẹ ó ní kí ló kan kọ̀ǹpútà nínú ọ̀rọ̀ agbọ́n? Ó kàn án dáadáa. Ìwádìí, kíkà ni. Kòkòrò mélòó ló wà lórí ewé yìí lónìí, mélòó ló wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, nínú oko yìí àti nínú oko tọ̀hún. Bí ìwé tí wọ́n kọ iye yẹn sí bá sọnù, tàbí kọ̀ǹpútà tó wà nínú rẹ̀ bá kú láìsí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, òjò ọdún yẹn ò ní í padà wá rọ̀. Báńkì tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dúró láàárọ̀, á ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Olùwádìí tí àkọsílẹ̀ ẹ̀wà ọdún yìí bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ó di òjò ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún gbìn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fún un lówó lè má dúró dè é.

Nǹkan mìíràn tún wà ní Ìbàdàn. IITA ní ilé òtútù kan tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn sí. Irú ẹ̀wà tó wà níbẹ̀ lé ní 15,000, kò sì sí ibòmíràn láyé tí irú ẹ̀wà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo àpò ló ní nọ́ńbà. Ibi tí wọ́n ti rí i, ohun tó lè fara dà, ọdún tí wọ́n gbìn ín kẹ́yìn, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn. Ẹ pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́, ohun tó kù nínú ilé òtútù di ẹ̀wà lásán, tí a lè fi se ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ọmọ náà, ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Ṣé iṣẹ́ tèmi ni kí n má jẹ́ kó sọnù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ tìrẹ ni.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ojoojúmọ́ lèèyàn ń gba irúgbìn là níbẹ̀ o. Iṣẹ́ support informatique, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ wàhálà kéékèèké. Ẹnì kan gbàgbé mot de passe rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé bébà mì. Íntánẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀. Iná lọ, onduleur ń ké, bátìrì rẹ̀ sì ti gbó. Òṣìṣẹ́ tuntun dé, ó fẹ́ kọ̀ǹpútà àti àdírẹ́sì í-meèlì; ẹlòmíràn ń lọ, a gbọ́dọ̀ ti àyè tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá lọ gan-an. Ìpàdé wà pẹ̀lú àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ohùn ò jáde. Í-meèlì ẹ̀tàn wọlé, akọ̀wé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń lọ sóko fẹ́ gbé tablette tí wọ́n fi ń bi àgbẹ̀ ní ìbéèrè. ODK tàbí KoboToolbox ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì lè gba ìdáhùn sílẹ̀ níbi tí kò sí réseau, kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá dé ìlú. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún wa níhìn-ín, ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí réseau ṣe rí lọ́nà oko yín.

Nítorí náà, ẹni tí kò lè fara da èèyàn, kó wá iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀mọ̀wé tó ti kàwé títí lè máa pariwo lé e lórí nítorí okùn kan tó yọ. Kò gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Kó fi okùn náà pa dà, kó sì sọ bí ẹni náà ṣe lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ mìíràn.

Bí a bá rí ìkéde iṣẹ́ irú èyí, ká kà á lẹ́ẹ̀mejì ká tó kọ ohunkóhun. Ìlà méjì ló máa ń wà níbẹ̀, ohun tó jẹ́ dandan àti ohun tí wọ́n kàn fẹ́. Bí o bá ní gbogbo ohun tó jẹ́ dandan, kọ̀wé, bí o kò tilẹ̀ ní ìdajì èyí tó kù. Àwọn ọmọ wa máa ń ka ìlà ìkẹyìn, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á pa á tì. Àwọn ọmọbìnrin ni mo ti rí i lára wọn jù, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú kíláàsì ni. Bí dandan bá sọ pé ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, tí o kò sì ní ọjọ́ kan, bi wọ́n léèrè stage dípò rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ní ilé iṣẹ́ bí IITA, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láàárín ara wọn, èyí kò ṣeé sá fún. Kò pọn dandan kó dùn bí ti ará Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kí o lè ka ìwé ẹ̀rọ, kí o sì lè dáhùn lórí fóònù. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ wa kọ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sí CV, wọ́n wá fi Yorùbá sílẹ̀ bí ẹni pé ojú ń tì wọ́n. Kọ ọ́ síbẹ̀! Fọ̀n tí o gbọ́, kọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó lè ṣàlàyé tablette fún ẹni tó ń lọ bi àgbẹ̀ léèrè ní Ṣábẹ̀, tó tún lè gbé fóònù bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀, kì í ṣe ẹni kékeré nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

CV ọmọ náà kò ní nǹkan kan lábẹ́ "iṣẹ́ tí mo ti ṣe." Mo ní ṣé òótọ́ ni pé kò tíì ṣe nǹkankan? Ó ní òun kàn tún kọ̀ǹpútà ilé ìwé kan ṣe nígbà ìsinmi, òun sì máa ń bá ìjọ ṣètò ẹ̀rọ wọn, ṣùgbọ́n kò sí contrat, wọn ò sì sanwó. Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé iṣẹ́ tí wọn kò sanwó rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́?" A jókòó, a kọ ọ́. Ẹ wo bó ṣe rí nígbà tó tò ó dáadáa:

"Mo bá yàrá kọ̀ǹpútà kan ní ilé ìwé náà. Ẹ̀rọ 14 ló wà níbẹ̀, 5 péré ló ń ṣiṣẹ́. Mo yọ ẹ̀yà ara àwọn tó ti kú pátápátá, mo fi tún àwọn mìíràn ṣe. Nígbà tí mo kúrò, 11 ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ jù ni pé àwọn ọmọ ń fa okùn iná yọ láìkọ́kọ́ pa ẹ̀rọ. Nítorí náà mo kọ bí a ṣe ń pa á sórí páálí, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri."

Ẹ rí i? Kò sí "ọ̀dọ́ tó lágbára" níbẹ̀, síbẹ̀ a rí agbára rẹ̀. Páálí yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe wà káàkiri. Ẹni tó ronú nípa ohun tó ń bà á jẹ́, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n kí iye tí o kọ jẹ́ òótọ́ o. Wọn á ké sí ọ̀gá ilé ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí o má ṣe kọ "expert" sí ohun tí o fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè àkọ́kọ́ á ti wá.

Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ báyìí: ìyá rẹ̀ ń ta gàrí, ó mọ ohun tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ nílé wọn, ó sì ti kà nípa kòkòrò funfun náà. Gbólóhùn méjì péré. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ yàrá kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn èyí ló sọ ohun tí òun yóò kọ́kọ́ wò bí wọ́n bá gbà á: ibi tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà, àti ìgbà tí wọ́n dán an wò kẹ́yìn. Ó parí síbẹ̀. Mo ní kó yọ "j'ai l'insigne honneur" kúrò, ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ọ̀wọ̀ ni. Mo ní ọ̀wọ̀ ni kí o má fi àkókò wọn ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣẹ́jú kan sí i, torí òun ló lè ya ẹnì kan sọ́tọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní 3-2-1: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn tó jìnnà. Bí olè bá wọ ọ́fíìsì, tàbí iná bá jó o, èyí tó wà níbòmíràn á kù. Síbẹ̀, sauvegarde tí a kò tíì gbìyànjú rí láti dá padà, a kò mọ̀ bóyá a ní i. O lè kọ́ gbogbo èyí nílé. Wá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, fi Linux sí i, fi GLPI sí i. GLPI yìí, ọ̀fẹ́ ni, òun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń sọ Faransé fi ń kọ ìṣòro òṣìṣẹ́ sílẹ̀: ta ló pè, nígbà wo, kí la ṣe sí i. Kọ ìṣòro ilé yín sínú rẹ̀. Pa fáìlì kan rẹ́, kí o sì gbé e padà láti inú ẹ̀dà. Cisco Networking Academy ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, OpenClassrooms sì ní tirẹ̀ ní Faransé. Àmọ́ ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é.

Bí wọ́n bá pè ọ́ fún entretien, èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló lè jókòó síwájú rẹ, ọ̀kan nínú wọn lè má mọ nǹkankan nípa kọ̀ǹpútà. Òun ni kí o máa bá sọ̀rọ̀, torí òun ni ìwọ yóò máa ràn lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ràn irú ìbéèrè yìí: aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni, ọkọ̀ tó ń lọ sóko ti tan ẹ̀ńjìnnì, tablette kan kò ṣí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníṣirò owó kò tẹ̀wé, ọ̀gá ń dúró de ìwé náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń falẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ta lo máa kọ́kọ́ dá lóhùn? Ọmọ mi sọ pé ọ̀gá. Mo ní rárá o. Ọkọ̀ ló ń lọ. Fún wọn ní tablette mìíràn tí o ti fi iná kún sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ, ìwọ á tún èyí tó bàjẹ́ ṣe lẹ́yìn. Sọ fún oníṣirò owó kó lọ tẹ̀wé ní yàrá kejì. Nígbà náà ni kí o wá kojú íntánẹ́ẹ̀tì, torí gbogbo èèyàn ló kàn. Sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ìgbà tí o máa padà dé. Kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ.

Ìbéèrè kejì le jù ú lọ. Ọ̀gá kan ní kí o fún òun ní mot de passe ẹni tó lọ ìsinmi, òun fẹ́ mú ìwé kan nínú í-meèlì rẹ̀. Nílé wa, a kì í sọ fún àgbà pé rárá. Ṣùgbọ́n rárá ni ìdáhùn. A lè fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní àṣẹ láti ṣe é, ṣùgbọ́n mo lè bá yín pè é lórí fóònù, tàbí kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí òfin ilé iṣẹ́ sọ." Bí o bá dáhùn ohun tí o kò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, kí o sì sọ ibi tí o máa wò. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ ju irọ́ lọ.

Ẹ bi wọ́n náà léèrè. Iṣẹ́ irú èyí sábà máa ń jẹ́ CDD, owó project ló ń san án, bí project bá sì tán, iṣẹ́ lè tán. Ẹ béèrè iye ọdún, ẹ béèrè owó oṣù. Pé àjọ náà ń ṣiṣẹ́ fún àgbẹ̀ kò sọ pé kí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe máa jẹ afẹ́fẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn gbájúẹ̀. Wọ́n ń lo orúkọ àwọn àjọ ńlá, wọ́n á ní o ti wọlé, kí o kàn fi 25,000 francs ránṣẹ́ lórí MoMo fún "frais de dossier." Ẹ má san án. Àjọ UN ti kọ ọ́ gbangba pé àwọn kì í gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojúlówó ilé iṣẹ́ ìwádìí kì í sì í gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àdírẹ́sì í-meèlì lẹ́tà kan sí èkejì, kí ẹ sì wá ìkéde náà fúnra yín lójú ìwé àjọ náà. Ìyá kan ládùúgbò wa ta ewúrẹ́ méjì nítorí irú "iṣẹ́" bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, kò dúró de ọjọ́ Ẹtì, torí iná lè lọ nígbàkígbà. PDF méjì, orúkọ rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti fi ìdáhùn kan ránṣẹ́ pé ìwé rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn, kò tíì sí òmíràn. Ní báyìí, ó ti gba kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi, ó fi GLPI sí i. Ìṣòro àkọ́kọ́ tó kọ sínú rẹ̀ ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi tó ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá.